Ọta alágbára fún ìbọn ìléwọ́ ńlá: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tó kàn ń pariwo

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń kọjú síni lára páálí ọta alágbára ni eré: 1,300, 1,450, nígbà mìíràn 2,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn ni wọ́n fi ń polówó ọjà. Ẹni tó bá sì há ìbọn ìléwọ́ ńlá bíi .44 Magnum tàbí .454 Casull mọ́ ìbàdí wọgbó, ì báà jẹ́ ìmàdò ló ń dọdẹ, ì báà jẹ́ béárì ló ń ṣọ́ra fún, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé: báwo ni ọta yìí ṣe wúwo tó, báwo ni orí rẹ̀ ṣe rí, kí ni wọ́n fi rọ ọ́, ṣé ìbọn tèmi sì lè yìn ín tán láìhá? Ọ̀rọ̀ eré, ẹ̀yìn ìyẹn ló kàn.

Ibi tí a dúró sí nìyí. Fún .44 Magnum àti ẹranko ńlá, ọta òjé líle olórí pẹrẹsẹ tó wúwo bí 300, tó ń sáré láàárín 1,100 sí 1,250, ni owó dùn ún ná lé lórí jù. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ìtàpá àti ariwo ló máa ń fi kún un ju èrè lọ, àfi tí ìbọn náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Nínú àyẹ̀wò yìí, eré tí a bá dárúkọ, ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ìwúwo ọta, gíréènì ni (gíréènì 15.4 ló wà nínú gíráàmù kan). .44 Magnum la máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ni oríṣi ọta tiẹ̀ pọ̀ jù lórí àtẹ.

Ọta 240 tí gbogbo ayé mọ̀

Ọdún 1955 ni Smith & Wesson àti Remington gbé .44 Magnum jáde, lẹ́yìn tí Elmer Keith, ọdẹ tó ń kọ̀wé nípa ìbọn, ti ń fi ẹ̀tù rọ .44 Special, ọta tó ṣáájú rẹ̀, yó kọjá ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ. Láti ìgbà náà, 240 ni ìwúwo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àjọ SAAMI, tó ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà, fi òpin ìfúnpá rẹ̀ sí 36,000 psi (ìyẹn póùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan).

Lára páálí, ẹ máa rí nǹkan bí 1,350 fún ọta 240 tí wọ́n fi bàbà bò. Ọ̀pá ìbọn gígùn ni wọ́n sábà fi ń rí iye yẹn. Tí ọ̀pá ìbọn yín bá jẹ́ ínṣì 4, ẹ yọ 100 sí 150 kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Àlàfo tó wà láàárín sìlíńdà (àgbá tó ń yí, tí ọta ń wà nínú ihò rẹ̀) àti ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn náà ń jẹ nínú rẹ̀: 0.10 sí 0.15 mìlímítà ló dáa; tó bá ti ń sún mọ́ 0.25, atẹ́gùn gbígbóná tó yẹ kó ti ọta síwájú ti ń gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ìdí nìyẹn tí ìbọn méjì tí ọ̀pá wọn gùn bákan náà kì í fi í yìn ọta kan náà ní eré kan náà.

Nínú oríṣi 240, ẹ yan olórí òjé, ìyẹn èyí tí bàbà bo ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí òjé yọ níwájú. Tí àgbọ̀nrín àti ìmàdò bá ni ohun tí ẹ ń dọdẹ, kò sídìí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn lọ. Olórí oníhò náà dáa fún àgbọ̀nrín tó fi ìhà sí yín, àmọ́ ó ní ìwọ̀n eré tí wọ́n ṣe é fún. Tó bá yára jù, ó máa ṣí sílẹ̀ kíá, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí olú, á sì dúró kó tó dé ibi tó yẹ. Tó bá lọ́ra jù, bí ìgbà tó bá jáde látinú ọ̀pá ínṣì 2.5, ihò orí rẹ̀ lè má ṣí rárá. Fún ẹranko tí egungun èjìká rẹ̀ nípọn, a kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé e.

Ọta fúyẹ́ tó ń sáré: ẹ ṣírò kí ẹ tó rà

Èyí ni páálí ti ń tan ènìyàn jẹ jù. Ẹ fi ọta 180 tó ń sáré 1,600 wé 240 tó ń sáré 1,350. Agbára ti àkọ́kọ́ lórí ìwé jẹ́ nǹkan bí Júùlù 1,390, ti èkejì 1,320. Ẹni tó bá wo agbára nìkan á sọ pé èyí tó fúyẹ́ ló borí. Ẹ wá fi ìwúwo sọ eré di púpọ̀ láìfi eré sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 180 lọ́nà 1,600 jẹ́ 288,000; 240 lọ́nà 1,350 jẹ́ 324,000; ọta wíwúwo 305 tó ń sáré 1,325, tiẹ̀ jẹ́ 404,125. Iye ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọta bá pàdé egungun àti ẹran tó nípọn. Ọta 305 fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju 180 lọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lórí ìwé agbára, ìdá 16 péré ló fi jù ú.

Ọta fúyẹ́ tún ń jẹ irin. Ẹ̀tù púpọ̀ lẹ́yìn ọta kúkúrú máa ń rán iná sókè gba inú àlàfo sìlíńdà, á sì máa gé irin tó wà lókè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí .357 Maximum jáde ní 1983, ohun tó kọ́kọ́ di ẹjọ́ sí i lọ́rùn nìyí. Fún ìdánrawò, ọta 180 kò burú. Ohun tí a lè fún un nìyẹn.

Òjé líle: ibi tí iṣẹ́ wà

Ọta òjé líle, òjé tí wọ́n pò mọ́ tíìnì àti áńtímónì ni. Wọn kì í fi bàbà bo ara rẹ̀, kì í sì í ṣí. Ohun tí owó ń rà nínú rẹ̀ ni pé ó máa wọlé tààrà, á sì jìnnà. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹrẹsẹ. Olórí rogodo máa ń yọ̀ lára egungun, ó sì máa ń yí nínú ẹran. Olórí pẹrẹsẹ máa ń gé ọ̀nà ara rẹ̀ bí ẹni fi korobá lu ihò, ó sì ń lọ tààrà.

Ẹ máa rí lẹ́tà LFN àti WFN lára páálí. LFN ni èyí tí imú rẹ̀ gùn, tí pẹrẹsẹ orí rẹ̀ sì kéré díẹ̀, nǹkan bí mìlímítà 7.5 nínú .44. WFN kúrú nímú, pẹrẹsẹ rẹ̀ fẹ̀ tó bí mìlímítà 8.5. WFN ń ṣe ihò tó fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó tètè ń pàdánù eré, àwọn ìbọn kan kì í sì í yìn ín dáa tó bá ti kọjá mítà 50. LFN ń wọlé jìnnà jù. Nítorí béárì tó kọjú sí ènìyàn tààrà, tí ọta ní láti gba orí tàbí àyà kọjá sínú, LFN la máa mú. Nítorí ìmàdò láti ẹ̀gbẹ́, WFN tó.

Líle náà ní ààlà. Lórí ìwọ̀n Brinell, 15 sí 18 ló dáa. Àwọn kan ń polówó 22 bí ẹni pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó, bẹ́ẹ̀ òjé tí áńtímónì pọ̀ nínú rẹ̀ a máa já sí wẹ́wẹ́ bí àwo nígbà tó bá gbá egungun ńlá. Ọta tó já kò wọlé mọ́. Bí ilé iṣẹ́ kan kò bá sọ líle òjé rẹ̀, ẹ béèrè. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń dáhùn.

Ẹ tún wo ìdí ọta náà. Ife bàbà kékeré kan yẹ kó wà níbẹ̀ fún ọta tó bá ju 1,200 lọ, kí iná ẹ̀tù má baà yọ́ òjé. Tí kò bá sí i, òjé á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, ọta tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì ibi tí ẹ dojú rẹ̀ kọ. Ibi tí òjé lẹ̀ sí ń sọ ohun tó fa á. Tó bá jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá, nítòsí sìlíńdà, ọta náà tín-ín-rín jù fún ìbọn yín, iná ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ nítòsí ẹnu ìbọn, ọ̀rá ara ọta ló tán lọ́nà. Ọta .44 tí bàbà bò fẹ̀ ní ínṣì 0.429; ti òjé líle yẹ kó jẹ́ 0.430 tàbí 0.431, ihò iwájú sìlíńdà sì gbọ́dọ̀ gbà á láìfún un pọ̀. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ọ̀pá ìwọ̀n lè wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó sàn kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ra páálí mẹ́ta ju kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha òjé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọta bàbà tó ní kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́

Bàbà tàbí idẹ pọ́ńbélé ni wọ́n fi gé oríṣi yìí, orí rẹ̀ sì ní kòtò tó yí i ká bí eyín sikurú. Kì í ṣí, kì í já, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọ̀pá bí òjé. Ó ń wọlé tààrà, ó sì máa ń fúyẹ́ ju òjé líle lọ, nítorí náà ìtàpá rẹ̀ ṣeé fara dà. Níbi tí wọ́n ti fòfin de òjé, òun ni ọ̀nà àbáyọ: ní California, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2019, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọta òjé dọdẹ mọ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé bàbà kò wúwo bí òjé, torí náà ọta gbọ́dọ̀ gùn kó tó lè wúwo, ó sì ń jẹ àyè ẹ̀tù. Ó tún wọ́n. A kà á sí ọta tó dáa gidi fún ìbọn fífúyẹ́. Fún ìbọn wíwúwo, òjé líle ṣì ni tiwa.

340 àti àwọn tó kọ +P+ sára

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta .44 Magnum tí ọta rẹ̀ jẹ́ 330 tàbí 340, tó ń sáré ju 1,300 lọ; àmì +P+ ń sọ pé ìfúnpá rẹ̀ ga ju ti gbogbogbòò lọ. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ páálí dáadáa. Òpin gígùn .44 Magnum lójú SAAMI jẹ́ ínṣì 1.610, ìyẹn mìlímítà 40.9. Àwọn kan lára ọta wọ̀nyí gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ruger Redhawk àti Super Redhawk tí sìlíńdà wọn gùn ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Tí ẹ bá kì wọ́n sínú Smith & Wesson Model 29, imú ọta á yọ síta níwájú sìlíńdà, sìlíńdà kò sì ní yí.

Kódà nígbà tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ìfúnpá ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń jáde nínú 340 yìí ju 300 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n 300 olórí pẹrẹsẹ tó ń lọ ní 1,200 ti ń gba ara ọ̀pọ̀ jù lọ ẹranko kọjá sí òdìkejì. Ihò tó ti jáde sí òdìkejì, kí ni ẹ tún fẹ́ kó ṣe? Ohun tí ẹ fi rà á ni pé ọwọ́ yín kò ní tètè padà sójú ibi tó wà láti yìn ìkejì.

Ìdánwò kálípà: ẹ má yẹ̀ ẹ́

Nínú gbogbo ohun tó ń bà jẹ́ nínú ọta alágbára, èyí ni kò hàn títí á fi dọjọ́ tí ẹ nílò ìbọn. Tí ìbọn bá tàpá, ó ń já ìkarahun (ife idẹ tó gbé ẹ̀tù àti ọta dání) gbogbo ọta tó kù nínú sìlíńdà sẹ́yìn. Ọta fúnra rẹ̀ wúwo, ó fẹ́ dúró sí ibi tó wà. Bí ẹnu ìkarahun kò bá dì í mú dáadáa, ìkarahun á máa yọ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí imú ọta á fi yọ jáde níwájú sìlíńdà, tó sì máa kọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró: ẹ fa apátí, kò lọ; sìlíńdà kò yí, kò sì ní ṣí.

Kálípà kan, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn gígùn, ti tó. Ẹ kó ọta mẹ́fà wọlé. Ẹ fi máàkà sàmì sí ìdí ọ̀kan, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní 40.62 mìlímítà ni. Ẹ yìn márùn-ún tó kù, kí ẹ má yìn ti àmì. Ẹ yọ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́. Ẹ dá a padà, ẹ tún yìn márùn-ún mìíràn, ẹ tún wọ̀n ọ́. Bó bá ṣì wà ní 40.62 tàbí 40.65, ẹnu rẹ̀ mú un. Bó bá di 40.75 lẹ́yìn márùn-ún àkọ́kọ́, tó wá di 40.95 lẹ́yìn ìkejì, ọta yẹn kò yẹ ìbọn yẹn, bó ti wù kí orúkọ ilé iṣẹ́ náà dùn tó. Ẹ má tún yìn ọ̀kan tí ẹ ti wọ̀n léraléra bẹ́ẹ̀ bí imú rẹ̀ bá ti yọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ìbọn fífúyẹ́ ló sábà ń kọsẹ̀ níbí. Rìfóófà (ìbọn onísìlíńdà) .44 tí wọ́n fi irin wúwo ṣe lè tó 1.27 kílò, èyí tí wọ́n fi àdàlú scandium ṣe kò ju bíi gíráàmù 710 lọ. Ọta kan náà nínú méjèèjì, agbára ìtàpá ti fífúyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Páálí kan náà lè yege pátápátá nínú ìbọn ẹnì kan, kó sì há nínú ti ẹnì kejì. Nítorí náà ẹ má gba ẹ̀rí ẹlòmíràn gbọ́ lórí èyí àyàfi tí ìbọn yín bá jẹ́ irú tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìkarahun tó lẹ̀

Ẹ yìn ọ̀kan ṣoṣo, ẹ ṣí sìlíńdà, ẹ fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá ìyọ-ìkarahun. Ó yẹ kó bọ́ láìjà. Tó bá jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ lẹ ní láti fi gbá a, ìfúnpá ti fẹ ìkarahun mọ́ ara ihò débi pé kò lè sún padà. Práímà (ife kékeré ìdí ìkarahun tó ń ran iná sí ẹ̀tù) tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, ìkarahun tó lẹ̀ ló yẹ ká gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á: ọta tó gbóná jù fún ìbọn náà, páálí tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn, tí ooru sì ti sọ ẹ̀tù di oníjàgídíjàgan, tàbí èérí. Ẹni tó ń fi .44 Special dánra wò nínú .44 Magnum máa ń ní òrùka èérí níwájú ihò, torí ìkarahun Special kúrú jù. Tó bá wá ki Magnum bọ̀ ọ́, ẹnu ìkarahun á há sínú òrùka yẹn. Búrọ́ọ̀ṣì onírun idẹ, kí ẹ fi ha ihò kọ̀ọ̀kan, ló ń tán an.

Àwọn tó ju .44 lọ

.45 Colt ló léwu jù láti rà láìwojú. Ọdún 1873 ló ti wà, òpin ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 14,000 psi péré. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wá ń ta .45 Colt +P tó tó nǹkan bí 30,000, fún Ruger Blackhawk àti irú rẹ̀. Ìkarahun kan náà ni, gígùn kan náà. Ó máa wọ ìbọn àtijọ́ wẹ́rẹ́ láìsí ohun tó dá a dúró, ó sì lè fọ́ sìlíńdà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Tí irú méjèèjì bá wà nílé, ẹ má ṣe tú wọn kúrò nínú páálí wọn láé.

.454 Casull kò ní ìṣòro yẹn, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ìkarahun rẹ̀ gùn jù ú: ínṣì 1.383 dípò 1.285. Dick Casull ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ọdún 1957, Freedom Arms sì gbé ìbọn rẹ̀ jáde ní 1983. Òpin rẹ̀ jẹ́ 65,000 psi, práímà kékeré ti ìbọn gígùn ló sì ń lò. Práímà yẹn nípọn. Ìbọn tí wọ́n ti dín spríńgì rẹ̀ kù kí apátí lè rọ̀ lè gbá a kó má sì dún. Ọta 325 sí 360 òjé líle nínú Casull ni agbára tó ga jù tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣì lè mú bá ibi tó dojú kọ. Fún ẹni tó fẹ́ ju .44 lọ, òun la máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

.480 Ruger, tó jáde ní 2001, ń yìn 325 ní nǹkan bí 1,350 lábẹ́ 48,000 psi. Ìkarahun rẹ̀ ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìtàpá rẹ̀ ń ti ọwọ́ ju pé kó gbá a lọ. Ó dùn wá pé oríṣi ọta tó wà fún un lórí àtẹ kò pọ̀.

.460 S&W, ti 2005, ni eré jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́: ọta 200 ti Hornady ń jáde ní 2,200. Ìbọn ọdẹ ibi gbalasa ni, ó ń gba .454 àti .45 Colt náà. Ẹ má fi ọta 200 yẹn kojú ẹranko ńlá nítòsí. Ìtòsí gan-an ni eré rẹ̀ ti pọ̀ jù fún orí rẹ̀. Ohun tó kan òun àti .500 ni pé iná tó ń gba àlàfo sìlíńdà jáde lè gé ìka. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì kò gbọ́dọ̀ sún kọjá ẹ̀yìn sìlíńdà.

.500 S&W, ti 2003, òpin rẹ̀ 60,000 psi, ìbọn rẹ̀ tó ní ọ̀pá gígùn wúwo ju kílò 2 lọ, ọta márùn-ún ló sì ń gbà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ ká dojú rẹ̀ kọ òun. Fún èyí, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ní láti bẹ̀rù. Ìtàpá rẹ̀ lè mú kí ìka tún fa apátí láìmọ̀ọ́mọ̀ nígbà tí ẹnu ìbọn ti dojú kọ ojú ọ̀run. Fún ẹni tó ń yìn ín nígbà àkọ́kọ́, ọta kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sí sìlíńdà. Nínú ọta rẹ̀, 350 tí bàbà bò ni ká fi dọdẹ àgbọ̀nrín. 440 òjé líle ni ti ẹranko tó lè yíjú padà bá ọdẹ. 500 tó kún fún ẹ̀tù kò fi nǹkan kan tí a rí kún 440, àfi ìrora ọrùn ọwọ́.

Ẹni tó ní Desert Eagle .50 AE kò gbọ́dọ̀ ra òjé líle rárá. Atẹ́gùn ẹ̀tù ló ń ṣiṣẹ́ ìbọn náà, ihò kékeré kan nínú ọ̀pá ló sì ń gbà wọlé. Òjé máa dí ihò yẹn. Èyí tí bàbà bò ló bá a mu.

Bí ẹ ṣe máa ka ìdánwò ẹlòmíràn

Jẹ́lì ni ọ̀pọ̀ fi ń dán ọta wò. Èyí tó ṣeé gbára lé ni ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìwọ̀n otútù 4 lórí Celsius, tí wọ́n sì kọ́kọ́ yìn ọta róbótó kékeré ti ìbọn atẹ́gùn sí ní 590 láti mọ̀ bóyá ó dáa: ó yẹ kó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 8.5, kó má fi ju ọ̀kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí ẹni tó ń ṣe ìdánwò kò bá sọ iye yìí, ẹ kàn fi ọta kan wé èkejì nínú jẹ́lì rẹ̀, ẹ má fi wé ti ẹlòmíràn. Jẹ́lì kò ní egungun, kò sì ní awọ. Òjé líle .44 sábà máa ń kọjá mítà kan nínú rẹ̀, torí náà ẹni tó to bulọ́ọ̀kù méjì péré, tó wá ní ọta náà "gba inú rẹ̀ kọjá", kò tíì wọn nǹkan kan.

Fún eré, ẹ yìn mẹ́wàá lórí ẹ̀rọ ìwọn-eré, kí ẹ̀rọ oníbojú wà ní mítà 3 síwájú ẹnu ìbọn kí iná má baà dà á láàmú. Ẹ wo àlàfo láàárín èyí tó yára jù àti èyí tó lọ́ra jù. Kó má ju 50 lọ dáa gan-an. Tó bá ti kọjá 100, ọwọ́ wọn kò dúró ní ilé iṣẹ́ náà. Ẹ yìn méjì ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú: àwọn ẹ̀tù tó ń jó díẹ̀díẹ̀ máa ń tu bọ́ọ̀lù iná jáde ní ẹnu ọ̀pá kúkúrú, ojú á sì ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn páálí kan kọ ọ́ sára pé ẹ̀tù wọn kì í kọ mànà; ẹni tó ń gbé ìbọn ní àgọ́ lóru, èyí yẹ kó wù ú ju 50 ẹsẹ̀ bàtà lórí eré lọ.

Etí: ariwo wọn ń kọjá désíbẹ́ẹ̀lì 160. Ẹ ki ìdíletí sínú, ẹ sì tún dé ìbòrí lé e. Ẹnu ìbọn tó ní ihò ìdín-ìtàpá tún ń dá ariwo náà padà sí ẹni tó ń yìn ín àti ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti rírà, ọta 20 ló sábà wà nínú páálí olówó ńlá, 50 nínú ti ìdánrawò. Ẹ ra páálí kan. Márùn-ún fún ìkarahun tó lẹ̀, mọ́kànlá fún kálípà pẹ̀lú eré lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù lórí ìwé ní mítà 25. Tó bá yege, ẹ wo nọ́ńbà ìpele tó wà lẹ́yìn páálí, kí ẹ padà lọ ra èyí tó bá a mu tó máa tó yín lò fún ọdún méjì. Ìpele mìíràn láti ilé iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ ní ẹ̀tù, nítorí náà tí nọ́ńbà bá ti yí padà, ẹ tún kálípà gbé.